Sí Ọlọ́runfẹ́mi, Nípa Bóòtù Tó Ń Yí Nínú Dẹ́kì

Ilé wa ní Kábbà,
Ní ọ̀sẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wa iṣu tuntun.

Ọlọ́runfẹ́mi, ọmọ mi àtàtà, ọmọ tí a bí tí a kò kábàámọ̀,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ìrìn, okun àìfojúrinjú. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n kí ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn. Múúsá àbúrò mi ti gbàdúrà fún ọ ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, èmi náà sì ti kúnlẹ̀ fún ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Bí ó bá jẹ́ ti àdúrà, ọ̀nà méjèèjì ni a ti dí mọ́ ibi lójú. Ohun tó kù ni ìmọ̀ràn, òun ni mo sì jókòó láti kọ.

Awakọ̀ lọ́rì tí o fi nǹkan rán kó gbogbo rẹ̀ dé láìfọ́ láìya. Nígbà tí mo tú agolo tíì tí o fi ránṣẹ́, tí mo rí irin tí o fi àkísà dì sínú rẹ̀, ìyá rẹ sáré dé. Ó ní, "Kí ni ọmọ mi fi ránṣẹ́ sí mi? Ṣé yẹtí ni?" Mo ní bóòtù ni. "Bóòtù kẹ̀! Kò wá sí irin ní Kábbà mọ́ ni?" Síbẹ̀, òun ló nù ún, òun ló sì gbé e sí orí pẹpẹ bí ẹni gbé ife tuntun.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo sì tún un kà. Apá kìíní rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi jó: wọ́n ti fi ọ́ ṣe fọ́máànù lórí àwọn tí yóò so fáànù rọ̀ sókè nínú ilé ìwòsàn tuntun ní Kàdúná. Ọmọ mi, o ṣeun. O kò fi ẹnu wá ipò, ọwọ́ rẹ ló wá a fún ọ. Nígbà tí mo ń kọ́ ọ bí a ti ń fá pákó nínú ilé yìí, ìwọ ni ọmọ tí í fá ẹ̀yìn pákó tí ẹnikẹ́ni kì yóò rí. Mo rí i nígbà náà, n kò wí. Mo wí i lónìí.

Apá kejì ni kò jẹ́ kí ìjókòó mi gún. O ní Baba Dúpẹ́, ọmọ Òkè-Bùkún, tó mú ọ wọ iṣẹ́ náà, tó sì dárúkọ rẹ fún ọ̀gá òyìnbó nígbà tí òun ń múra àtifẹ̀yìntì, ló ti lu àwọn ihò fáànù náà, tó sì ti ki bóòtù bọ inú dẹ́kì, kọ́ńkéré òkè ilé náà, kí wọ́n tó fi ọ́ ṣe olórí. O ní o fi sípánà kan díẹ̀ nínú wọn, wọ́n kàn ń yí ni, wọn kò le. Nígbà tí o sì fẹ́ la ẹnu, Baba Dúpẹ́ ní, "Mo ti dán wọn wò. So fáànù rẹ." O wá bi mí pé: "Bàbá, ṣé kí n dákẹ́? Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á ní mo gun àgbà lórí, mo sì fi ìkà san oore. Bí mo bá dákẹ́, orí ibùsùn àwọn aláìsàn ni àwọn fáànù yìí yóò wà."

Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n yìn ọ́. Ọ̀pọ̀ ni ọwọ́ wọn ì bá ti mọ̀ ọ́n, tí ẹsẹ̀ wọn ì bá sì ti fò ó kọjá. Ìwọ kò fò ó. Ẹni tí ohun tí kò tọ́ bá ń gún lára, ara rẹ̀ kò tíì kú. Fi ìyẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ.

Nísinsìnyí, gbọ́ ìtàn kan tí ìyá rẹ kò fẹ́ kí n máa sọ níwájú àlejò.

Nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹnu nìkan ni a fi ń fẹ́ ọmọ olóko. À ń bá àna kọ ebè, à ń bá wọn bo ilé, à ń ṣe ohun gbogbo tí ọwọ́ wa bá mọ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, ìyá ìyá rẹ ní kí n so àjà kan fún òun sí òkè ààrò, níbi tí èéfín yóò ti máa gbẹ ẹ̀gúsí, àgbàdo àti ẹja. Ilé ìdáná náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di mímọ ni. Ògiri rẹ̀ funfun lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá rẹ wọlé wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó fi orí ọ̀pá kan ògiri, ó ní, "Ibí ni kí o kan èèkàn rẹ sí." Mo kàn án. Èèkàn náà wọlé bí ọ̀bẹ tí í wọ ìbẹ́pẹ pípọ́n. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọ iṣẹ́ mọ̀ pé èèkàn tí kò bá ògiri jà kò ní dúró. Mo wo bàbá, bàbá wo mí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá."

Wọ́n gbé igbá ẹ̀gúsí lé e, kò já. Ó dúró de ọjọ́ tí àwọn ènìyàn mi wá kí àna. Bí àwọn obìnrin ti jáde síta láti pàdé wa ni a gbọ́ ìró láti ilé ìdáná: àjà ti wó, ó ti kó gbogbo ẹ̀gúsí dà sínú ìkòkò ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n ti jáde ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá máa kọ sí ọ lónìí. Ìyá ìyá rẹ yọjú wo ìkòkò, ó yíjú sí mi, ó ní, "Àna mi, ṣé ọbẹ̀ ẹlẹ́gùúsí lẹ fẹ́ jẹ ni? Ẹ ò ṣe sọ, kí n kúkú lọ̀ ọ́ fún yín?" Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín. Títí dòní, tí ìyá rẹ bá ń lọ ẹ̀gúsí, ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó fi ń wò mí.

Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Bàbá tó mú ọ̀pá wọlé yẹn pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣé o kò rí i pé ògiri tútù ni?"

"Mo rí i, bàbá."

"Kí ló wá pa ọ́ lẹ́nu mọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kàn án síbẹ̀, bàbá."

"Èmi? Èmi tí mo jẹ́ àgbẹ̀ paraku? Mo na ọ̀pá síbẹ̀ kí n má baà dúró lásán ni! Mo ní bí kò bá dára, ṣebí ìwọ tí o mọ̀ ọ́n yóò sọ. Nígbà tí o ní 'ẹ ṣeun, bàbá', ṣé mo wá lè máa bi ọ́ pé kí ni o ń dúpẹ́ fún?"

Ọlọ́runfẹ́mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Èmi dákẹ́ nítorí mo rò pé àgbà mọ̀. Àgbà dákẹ́ nítorí ó rò pé èmi mọ̀. Ọ̀wọ̀ dúró láàárín àwa méjèèjì, ẹ̀gúsí sì wà lókè. A ti kọ́ àwa ọmọ Okun pé a kì í tún iṣẹ́ àgbà wò lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni, n kò ní bá ọ bú u. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà tó kọ́ wa ni wọ́n sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń retí nínú kèrègbè yẹn. Bí o bá fà á sẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀wọ̀ ni o bù fún àgbà. O fi í sílẹ̀ ní òun nìkan ni.

Ó kan ti irin náà fúnra rẹ̀. Mo mú un lọ sí ọ̀dọ̀ Sánnì alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Ẹ gbé e wá. Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ohun tí ẹ kò bá lè kàn wọ igi, ẹ kì í mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí." Mo ní, "Jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó, kí o tó rọ ọ́ di ọkọ́." A wò ó dáadáa. Mo wá rí ohun tí o ń ṣàlàyé fún mi: irin kan wà láàárín tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ, èèpo irin kan tó ti là sì yí i ká. Bí a bá ń fún nọ́ọ̀tù lókè, ìdí tó fẹ̀ yẹn ń wọ inú èèpo, èèpo náà ń ya ẹsẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ti ògiri ihò. Kò sí àtè, kò sí okùn, kò sí èyí tó yọ sí òdì kejì kí a ká a lórí. Fífi ẹsẹ̀ ti ògiri ihò yẹn nìkan ló fi ń gbé ẹrù. Mo kí ẹni tó rò ó. Ọlọ́gbọ́n ni.

A wá kọ́ńkéré àfọ́kù kan ní ojú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ṣe afárá, Sánnì sì lu ihò sí i. A ki bóòtù bọ̀ ọ́, a fún un. Ó ń yí. A tún fún un, ó tún ń yí, bí ọmọ tí a ní kó sùn tó kàn ń yí lórí ẹní. Mo ní, "Ohun tí ọmọ mi kọ sínú lẹ́tà nìyí." Sánnì yọ ọ́, ó fi ìka ro inú ihò, ìka rẹ̀ jáde ní funfun. "Eruku ni," ni ó wí, ló bá gbé ẹnu ẹwìrì rẹ̀ sí i. Gbogbo eruku náà tú sí mi lójú. Ó ní, "Ẹ wá wo ẹni tó hu ewú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!" Nígbà tí a dá bóòtù padà, ó le gírí mọ́ ibẹ̀. A so okùn mọ́ ọn, a fà á gba orí igi àgbàlá. Òkúta náà kúrò nílẹ̀, bóòtù nìkan ló gbé e dání. A tú bóòtù náà yọ, a tún lu ihò mìíràn tó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ẹwìrì fẹ́ ẹ títí, bóòtù kò dì í mú rárá.

Nítorí náà, mo lè sọ ohun méjì fún ọ láìṣiyèméjì. Bóòtù tó ń yí, ó lè jẹ́ pé eruku ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ihò rẹ̀ ló fẹ̀ jù. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ihò tó dojú kọ ilẹ̀ ti da eruku tirẹ̀ nù fúnra rẹ̀. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ ti bọ́. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara ihò ni ọ̀tá rẹ. Yọ ọ́, fọ̀ ọ́ pẹ̀lú búrọ́ṣì, fẹ́ ẹ jáde, kí o tó dá bóòtù padà. Bí ó bá tún yí, fi ihò náà sílẹ̀. Má fi igi há a, má fi bébà há a, má sì lu òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, nítorí bóòtù méjì tó sún mọ́ra jù ń ti ara wọn ni, àgbò méjì kì í sì í mu omi nínú koto kan. Sún síwájú dáadáa, níbi tí kọ́ńkéré ti dúró pẹ́, tí kò là, tí kò sún mọ́ etí. Gbogbo ẹni tó ti kan ìṣó sí etí pákó rí mọ ohun tí mo ń sọ. Rántí pẹ̀lú pé simẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ojú dẹ́kì kì í ṣe ara dẹ́kì. Láti ibi tí kọ́ńkéré gan-an ti bẹ̀rẹ̀ ni kí o ti ka jíjìn ihò rẹ. Ẹ̀wù kọ́ là ń dì mú bí a bá fẹ́ mú ènìyàn.

O tún sọ pé pálábá irin tí fáànù yóò rọ̀ mọ́ kò ní fara kan dẹ́kì, pé àlàfo wà láàárín wọn fún páìpù wáyà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí jù. Ohun tó fara ti ògiri ní alábàárù. Èyí tó jìnnà sí i, ọrùn rẹ̀ nìkan ló fi ń ru ẹrù. Bí ọrùn bá ti gùn tó ni yóò ti máa mì tó, fáànù sì rèé, kò ní ṣíwọ́ mímì títí wọn yóò fi pa á. Jẹ́ kí ọrùn náà kúrú tó bí páìpù bá ti lè gbà. Fi nọ́ọ̀tù sí òkè pálábá, fi òmíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o sì fi nọ́ọ̀tù kẹta ti èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn pa, kí ìmìtìtì má baà tú u díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tí fáànù bá ti yí fún ìgbà díẹ̀, padà gòkè lọ fún àwọn nọ́ọ̀tù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí o bá sì ní ìbéèrè tó ju ọgbọ́n mi lọ lórí ìwúwo rẹ̀, bi ọ̀gá òyìnbó. Ẹni tó bá ń tijú àtibéèrè ọ̀nà ni í ṣìnà.

Kí fáànù kankan tó gòkè, so àpò iyanrìn tó wúwo ju fáànù lọ dáadáa mọ́ pálábá kọ̀ọ̀kan. Lé gbogbo ènìyàn jáde, ti ilẹ̀kùn, fi ẹfun sàmì sí ibi tí irin ti pàdé dẹ́kì, kí o sì jẹ́ kí iyanrìn náà sùn síbẹ̀. Bí àmì náà kò bá yẹ̀ lówùúrọ̀, ọkàn rẹ ti balẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ọjọ́ ìṣílé ti sún mọ́.

Wàyí o, Baba Dúpẹ́. Mo mọ̀ ọ́n kí a tó bí ọ. Kò sí ẹni tó mọ kọ́ńkéré pò bí i rẹ̀ nínú gbogbo ilẹ̀ Bùnù tí Òkè-Bùkún wà, kò sì ní ìkà nínú. Ní ọdún tí òjò gbé afárá wa lọ, òun ló ru ìyá mi kọjá odò lọ sí ilé ìwòsàn, tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan omi. N kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òkè kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ọrùn ti ń ro. Gbígbójú sókè, gbígbé òòlù sókè, kí eruku máa bọ́ síni lójú: bóyá ojú rẹ̀ kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, tí kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ̀. Ẹni tó sọ pé "mo ti dán wọn wò" pẹ̀lú ìbínú, àárẹ̀ ló ń bò mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn, kì í ṣe irọ́.

Nítorí náà, má bá a wí. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Dúró di ìgbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun. Dọ̀bálẹ̀ fún un. Dídi fọ́máànù kò ní kí àyà má kan ilẹ̀. Kí o wá sọ báyìí pé: "Baba, okun o. Iṣẹ́ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ wúwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gòkè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ yín lé ọwọ́ mi bí mo bá ti ń fún un, kí n lè mọ bí ó ti yẹ kó le tó. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ ní ẹlẹ́rìí." Má fi kún un, má yọ kúrò níbẹ̀. Bí irin bá yí lábẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, irin ni yóò sọ ọ́ fún un, kì í ṣe ìwọ. Kí o sì dákẹ́. Fún un láyè kí ó jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ pé, "Ọmọ, jẹ́ kí a tún èyí ṣe." Bí ó bá sọ ọ́, iṣẹ́ náà di tiyín méjèèjì, yóò sì fẹ̀yìn tì pẹ̀lú iyì. Mo ní ìgbàgbọ́ pé yóò sọ ọ́. Mo mọ ẹni tó ru ìyá mi.

Ìyá rẹ ti di ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ fún ọ, ó ní ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti Baba Dúpẹ́. Fún un lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ṣáájú, kí ó má baà dà bí ẹ̀bẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìbéèrè tí o ń retí nìyẹn, n kò sì ní fi òwe yí i ká. Bí ó bá kọ̀, má so fáànù kankan. Lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá òyìnbó, sọ ohun tí ọwọ́ rẹ rí, láìba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Sọ pé ìwọ ni fọ́máànù, àti pé ìwọ kò tíì tẹ́wọ́ gba àwọn ihò náà. Bí wọ́n bá bínú, kí wọ́n bínú. Bí wọ́n bá gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ, wá sílé; pákó pọ̀ ní Kábbà, ojú mi kò sì ní rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí mo bá rí ọ. Bí ènìyàn ìlú wa kan bá ní o sọ ara rẹ di aláìmoore, ní kí ó wá bá mi. Èmi ni mo jẹ Baba Dúpẹ́ ní gbèsè ọpẹ́ ṣáájú rẹ, èmi ni yóò sì lọ bẹ̀ ẹ́ ní Òkè-Bùkún, lórí eékún mi bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ń tán ìbínú àgbà. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí í dá fáànù padà sókè.

Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tìrẹ kì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn yóò fi mọ orúkọ rẹ. Àwọn tí yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àgbẹ̀ tí ejò bù jẹ, arúgbó tí ibà mú, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò béèrè ta ló so ó. Wọn yóò wo fáànù náà bó ti ń yí, atẹ́gùn yóò fẹ́ sí wọn lára, oorun yóò sì gbé wọn lọ. Kò sí ìyìn tó tó ìyẹn fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lókè: kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè di ojú rẹ̀.

O bi mí bóyá kí o dákẹ́. Rárá, Ọlọ́runfẹ́mi. Gbé àkàbà rẹ, kí o sì pe àgbà rẹ. Ẹ jọ gòkè.

Èmi tí mo bí ọ, tí mo sì ń fi ọ́ yangàn láàárín ìlú,
Bàbá rẹ.